Mistral Kì Í Ṣe Fún Gbogbo Iṣẹ́
Ní ọdún 1953, Roger Excoffon, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ya lẹ́tà ìtẹ̀wé Mistral fún Fonderie Olive ní Marseille. Ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀ ló wò ṣe é. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí lẹ́tà òjé tí wọ́n rọ lọ́kọ̀ọ̀kan ṣe so kọ́ra, àfi bí ẹni pé gègé ò kúrò lórí ìwé. Ó bá pátákó ìsọ̀ àti káàdì ìpè mu dáadáa. Àmọ́ ẹ̀yin atẹ̀wé tí ẹ ń fi lẹ́tà ńlá rẹ̀ nìkan tẹ orúkọ ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ó tó! Gátagàta ni wọ́n máa ń dúró. Ẹ sì yẹ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ, ṣ wò kí ẹ tó gbowó.