Ìgbín Kò Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn kan wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n gbà pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú àwọn wọ̀nyí dùn. Àṣìṣe ńlá ni.

Ẹ wo bí ẹranko ti ń tọ́jú inú ara rẹ̀. Alángbá kò lè dá mú ara rẹ̀ gbóná. Nítorí náà ni ó fi ń yá oòrùn lórí ògiri ní òwúrọ̀, tí ó sì ń sá sí ibòji ní ọ̀sán. Adìẹ kì í làágùn. Bí ooru bá mú un, a la ẹnu, a máa mí hẹlẹhẹlẹ, a sì na ìyẹ́ rẹ̀ kúrò lára kí ooru lè jáde. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìgbín a wọ inú ìkarahun, a fi èépá funfun dí ẹnu rẹ̀ kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ, a sì dín agbára tí ó ń lò kù títí òjò yóò fi rọ̀. Ènìyàn a máa làágùn nínú ooru, a sì máa gbọ̀n nínú ọyẹ́, kí inú ara rẹ̀ má baà jìnnà sí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Èwo ni Yorùbá kò lè sọ nínú èyí?

Wọn a ní kò ní orúkọ. Ẹ pè é ní ìdọ́gba inú ara. Wọn a ní Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ọmọ tí ó há orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sórí, tí kò mọ ìdí tí adìẹ ìyá rẹ̀ fi ń la ẹnu, yóò máa wò ó títí yóò fi kú sínú àgò.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹranko tí kò mọ bí a ti ń bá ìgbà yí yóò kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè. Kí Yorùbá yá ọ̀rọ̀, kí ó sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe lé e kúrò nínú kíláàsì. Ìgbín kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ó mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.