Èmi Ò Pàtẹ́wọ́

Àwọn tó wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́rú tó kọjá rí i pé nígbà tí gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́ fún bọ̀dá wa kan, ọlọ́dún kẹrin, tó ki rọ́kẹ́ẹ̀tì Starship bí ẹni ki ọba, èmi káwọ́ gbera ni. Wọ́n ní ìlara ni. Ẹnìkan tilẹ̀ ní torí pé wọn ò pe èmi láti ka tèmi ni. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ewì náà dùn, mi ò ní purọ́. Ibi tó ti gún mi lára ni ìparí, níbi tí bọ̀dá ti ń bú àwọn aláyẹ̀wò tó ń fi bébà dínà ọ̀run. Wọ́n ní ta ló ń ka ẹyin ẹyẹ nígbà tí aráyé ń lọ sí Mars? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo dákẹ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́run, ká wá sílẹ̀. Ilẹ̀ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ti ń gbéra ní orúkọ: Boca Chica, ní gúúsù Texas, níbi tí odò Rio Grande ti ń wọ òkun, tí Mẹ́síkò wà lódìkejì. Ibẹ̀ ni àwọn ará Brownsville ti ń pẹja, tí wọ́n ń kó ọmọ lọ ṣeré. Àwọn ẹ̀yà Carrizo/Comecrudo, tó ti wà lágbègbè yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Texas, ka ilẹ̀ náà sí mímọ́. Ìjàpá òkun ń yé sínú iyanrìn rẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní piping plover máa ń sá fún òtútù wá síbẹ̀, òfin Amẹ́ríkà sì ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò kí wọ́n má baà run.

Kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ju rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè ní Amẹ́ríkà, tàbí kó dá a padà wálẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ àjọ FAA, àwọn náà tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú. Kí FAA tó fọwọ́ sí i, òfin kan tí wọ́n buwọ́ lù lọ́jọ́ kìíní ọdún 1970 ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí: kí ni nǹkan yìí máa ṣe fún ilẹ̀, fún omi, fún ẹranko, fún ènìyàn? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ará ìlú rí i, kí wọ́n dá sí i. Òfin náà ò tilẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe é o. Ó kàn ní kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Àwa náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀ nílé níbí láti 1992. Ohun tí bọ̀dá ń pè ní ìdènà nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá bíi tèmi, ṣebí ẹ mọ ètò ìgbéyàwó wa? Kí ìdáná tó wáyé, ìwádìí á ti lọ sọ́tùn-ún, á lọ sósì. Irú ìdílé wo ni? Àrùn wo ló ń bá wọn jà? Ṣé wọn kì í jalè? Kò sẹ́ni tó ń pe ìwádìí ní ọ̀tá ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó ná, kí ọkọ ìyàwó ṣe ìwádìí ara rẹ̀, kó kọ ọ́ dáadáa, kó gbé e fún bàbá ìyàwó pé kó buwọ́ lù ú! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Boca Chica kò jìnnà sí i.

Oríṣi àyẹ̀wò méjì tó ṣe kókó ló wà. Ọ̀kan gùn, ó jinlẹ̀, èkejì kúrú. Ní 2014 wọ́n ṣe èyí tó gùn, fún Falcon 9 àti Falcon Heavy, ìgbà 12 lọ́dún. Falcon 9 ga tó nǹkan bíi mítà 70, ẹ́ńjìnnì 9 ló wà nídìí rẹ̀. Starship ni wọ́n wá gbé dé: ó ga tó mítà 120, ẹ́ńjìnnì 33! Ẹni tó gbàṣẹ láti kan ìsọ̀, tó wá ń kọ́ ilé alájà mẹ́wàá, ṣé a ò ní tún ìwé rẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀ ni? Àyẹ̀wò kúkúrú ni FAA fi parí ọ̀rọ̀ ní oṣù kẹfà 2022. SpaceX fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, FAA ń bójú tó o. Ará ìlú kọ èrò tó ju 18,000 lọ. FAA to ohun tó lé ní 75 tí ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣe, ó wá ní kò sí ewu tó tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí iṣẹ́ tiwa ni ọ̀rọ̀. Mo jókòó ti gbólóhùn FAA yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan, no significant impact, mo ní kí n túmọ̀ rẹ̀. "Kò sí ewu"? Irọ́ ni, ìwé náà fúnra rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. "Ewu wà ṣùgbọ́n kò jọjú"? Ẹ wá rí i, Yorùbá ò jẹ́ kí n sá lọ. Kò jọjú, lójú ta ni? Ọ̀rọ̀ yìí kì í sọ pé nǹkan kéré kó má wá ojú tó wò ó. Òyìnbó fi ojú náà pamọ́ sínú gbólóhùn rẹ̀. Ojú ta wá ni? Ojú àjọ tí òfin 1984 gbé iṣẹ́ méjì lé lọ́wọ́: kó máa ṣọ́ àwọn tó ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì, kó sì tún máa bá wọn ṣe ìgbélárugẹ òwò wọn. Agbófinró ni, alápolówó ni.

Ogúnjọ́ oṣù kẹrin 2023, Starship gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́. Kọnkéré abẹ́ rẹ̀ fọ́ yángá, àfọ́kù ń fò kiri. Eruku kọnkéré náà fẹ́ lọ tó kìlómítà mẹ́wàá, iyanrìn rọ̀ lé Port Isabel lórí, iná jó ilẹ̀ éékà 3.5 nínú ọgbà ìjọba. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀ bú gbàmù lókè. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá to àtúnṣe 63 sílẹ̀. Bọ̀dá, ẹ gbà mí láàyè kí n béèrè: èwo ló ń fi àkókò ṣòfò jù, ká wádìí kí kọnkéré tó fọ́, àbí ká máa ka 63 lẹ́yìn tó fọ́ tán?

Ní ti ẹyin ẹyẹ, àwọn kan ń kà á lóòótọ́. Ní oṣù kẹfà 2024, wọ́n fi kámẹ́rà ṣọ́ ìtẹ́ 9 létíkun yẹn. Lẹ́yìn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí kò bàjẹ́ tàbí tí ẹyin rẹ̀ ò dín.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló kan ọmọ Nàìjíríà. Starlink ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa láti oṣù kìíní 2023. Ní yàrá tiwa, àwa mẹ́fà la ń dáwó sí i, òun náà ni mo fi ka gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, mi ò sẹ́. Starship ni wọ́n fẹ́ máa fi kó àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ tó tóbi jù gòkè. Ẹni tó ń jẹ níbi àsè lè béèrè ibi tí wọ́n ti rí ẹran.

Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Oṣù kìíní 2025, ọ̀kan fọ́ lójú ọ̀run, àfọ́kù já bọ́ sí erékùṣù Turks and Caicos, àwọn ọkọ̀ òfurufú ń yí padà. Oṣù kẹta, òmíràn tún fọ́. Oṣù karùn-ún, FAA gbé iye ìgbéra láti 5 sí 25 lọ́dún, àyẹ̀wò kúkúrú náà ni. Oṣù kẹjọ, Ààrẹ Trump buwọ́ lu àṣẹ pé kí wọ́n gé irú àyẹ̀wò yìí kúrò tàbí kí wọ́n mú un yára. Àwọn ẹgbẹ́ tó pe FAA lẹ́jọ́ ní 2023, tí àwọn Carrizo/Comecrudo wà nínú wọn, pàdánù ní kóòtù ní oṣù kẹsàn-án. Bébà tí bọ̀dá ń bú ti ń tán lọ fúnra rẹ̀.

Mo ti bá bọ̀dá sọ ọ́ lójúkojú, ká má sọ pé mo ń bú àgbà lẹ́yìn. Mo fún wọn ní gbólóhùn FAA yẹn nínú ìwé pélébé kan, mo ní kí wọ́n bá mi túmọ̀ rẹ̀ láìfi ojú ẹnikẹ́ni sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó di Ọjọ́rú. Mo ń bọ̀ níjòókòó iwájú.