Kẹ̀kẹ́ Àyágùn Ò Tó Yangàn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Ese Ukpeseraye gun kẹ̀kẹ́ fún Nàìjíríà níbi ìdíje Olympics ní Paris. Ó ku díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún un láàyè láti díje nínú pápá olóbìírí tí wọ́n ń pè ní velodrome, kò sì ní kẹ̀kẹ́ tó bá irú eré bẹ́ẹ̀ mu lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní ọ̀kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba, àwa náà dúpẹ́. Àmọ́ àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn: bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni, rẹ́gí-rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ̀kẹ́ rí. Férémù ni egungun rẹ̀. Bí ó bá gùn ju ẹni tó ń gùn ún lọ, ẹ̀yìn á máa ro ó. Bí ó bá kéré, orúnkún ò ní nà dáadáa. Ẹni tó ti fi itan ara rẹ̀ sáré ló tètè ń mọ èyí. Ernesto Colnago ará Ítálì sá eré kẹ̀kẹ́ nígbà èwe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ nínú ìdíje, ó yíjú sí iṣẹ́ ọwọ́, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Cambiago lọ́dún 1954. Kẹ̀kẹ́ tó ṣe ni Eddy Merckx fi rin kìlómítà 49.4 láàárín wákàtí kan lọ́dún 1972. Merckx náà fi eré sílẹ̀ lọ́dún 1978. Nígbà tó di 1980, ó dá ilé iṣẹ́ férémù tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má sọ pé òyìnbó nìyẹn. Ní Kumasi, ní Ghana, Bernice Dapaah àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọparun ṣe férémù.

Ní tèmi, kì í ṣe ọwọ́ ló wọ́n wa ní Mainland. Àwọn wẹ́dà tó ń jó géètì ní Mùṣín mọ irin. Yaba Tech ti wà láti 1947, UNILAG wà ní Akọka, pápá ìṣeré ńlá sì wà ní Sùúrùlérè. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò so wọ́n pọ̀: eléré àná tó lè dúró ti wẹ́dà, kó ní, "Ọ̀gá, ọ̀pá yìí ti gùn jù, ẹ gé e díẹ̀." Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi eré sílẹ̀ lónìí, ìmọ̀ rẹ̀ ń bá a wọlé lọ ni.

Ẹnìkan lè ní tòkunbọ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, fún ẹni tó fẹ́ dé ọjà. Ti eléré yàtọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà, ẹ fi férémù kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ àṣekágbá yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ bá wọn ra irin. Ti àkọ́kọ́ lè wọ́. Ìkejì á tọ́.