Ẹni Tí Ó Jẹ̀bi Ni Kí Ó San Owó Ìpè

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó wa díẹ̀díẹ̀ bí ikán ti ń jẹ òpó ilé.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa fi ₦5,000 ránṣẹ́ láti orí fóònù sí ẹni tí ó ń ta ọjà fún un. Owó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dé ibi tí ó rán an. Ó pe báńkì rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó dáhùn: tẹ 1, tẹ 2. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orin sí i létí. Ìṣẹ́jú 17 ni ó fi gbọ́ orin kí káàdì tó tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ka ìṣẹ́jú kan sí ₦20, ìṣẹ́jú 51 jẹ́ ₦1,020. Ìyá yìí kò jẹ báńkì ní gbèsè. Owó tirẹ̀ ni ó ń wá. Ṣé a ó na ọmọ tán, kí a tún ní kí ó san owó pàṣán?

Bákan náà ni ti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ béèrè ìwé rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Àwa tí a wà ní Kánò àti Kàdúná ńkọ́? Fóònù ni ẹsẹ̀ wa. Bí wọ́n bá gbé e, wọ́n á ní kí a dúró, kí àwọn pe ẹlòmíràn wá. Owó wa ni ó ń jó.

Àwọn kan yóò ní owó kékeré ni. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdajì lé owó wọn, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti eré.

Àwọn mìíràn yóò ní kò ṣeé ṣe. Irọ́ ni. Ìpè sí 112 nígbà ewu, ọ̀fẹ́ ni. Ìpè sí 622 láti fi ẹjọ́ iléeṣẹ́ fóònù sun NCC, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí GSM dé ní ọdún 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sì ń san owó odidi ìṣẹ́jú. Wọ́n ní kíka ìṣẹ́jú àáyá kò tí ì ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Glo dé, ó sì ń kà á. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀pọ̀ ará ìlú pa fóònù wọn láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn tí ó ní kò ṣeé ṣe náà padà rí i ṣe.

Ní Ìlú Ọba, ìpè sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Universal Credit lè gba pẹ́nsì 55 ní ìṣẹ́jú kan. Ariwo ta ní ọdún 2017, ìjọba sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ kí ọdún náà tó parí.

Ohun tí a ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ: kí gbogbo báńkì, iléeṣẹ́ iná àti ọ́fíìsì ìjọba ní nọ́mbà 0800, tí ẹni tí a pè yóò san owó rẹ̀, kí owó má ṣe máa jó nígbà tí a bá ń dúró, kí ẹni tí yóò gbọ́ èdè wa wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ẹnu lásán kùn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pè, iye ìṣẹ́jú àti owó tí ó lọ sílẹ̀, kí ẹ sì fún akọ̀wé ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹ̀ka wa yóò kó wọn pọ̀ sínú ìwé kan. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.