NÁÍRÀ 800: IYE TÍ WỌ́N FI ỌMỌ ÌBÀRÀPÁ SÍ RÈÉ

Ẹ̀yin ará wa ní Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgàngán, Èrúwà àti Láńlátẹ̀! Ìbò ń bọ̀, àwọn tí a kò rí láti ọjọ́ yìí ti tún ń rọ́ wọ̀lú. Wọ́n ń pín ìrẹsì, wọ́n ń pín ankara, wọ́n sì ń sọ fún yín pé àwọn ni àwọn ń bẹ òyìnbó kó wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ yín lè rí iṣẹ́ ṣe. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: nígbà tí ọmọ wa bá dé ilé iṣẹ́ ọ̀hún, kí ni ẹ fi bò ó lórí?

Kò sí àgbẹ̀ kan láti Pákò títí dé Ìdófin tí kò mọ bí a ti í gba alágbàṣe. Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, olóko àti alágbàṣe ti jọ dúró létí oko. Wọ́n ti sọ iye ebè, bóyá igba kan ni, bóyá igba méjì ni. Wọ́n ti sọ iye owó. Wọ́n ti sọ bóyá olóko ni yóò bọ́ ọ, àbí yóò gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá yẹ àdéhùn, wọ́n á pè é lẹ́jọ́ níwájú àgbà. Àní ìwọ̀fà ayé àtijọ́, tí wọ́n fi sọfà nítorí gbèsè, ó mọ iye gbèsè tí òun ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ó sì mọ ẹni tí òun ń sìn.

Ẹ wá wo ọmọ yín tó gba ìwé mẹ́wàá, tàbí tó jáde ní Pólì Èrúwà, tó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀tà, Agbára, Ìkòròdú tàbí Olúyọ̀lé n'Íbàdàn. Kọngílá ni yóò gbà á. Kọngílá ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí. Ó di káṣúà nìyẹn. Inú ọgbà ilé iṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ló ń darí, aṣọ ilé iṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ owó, kọngílá á kọ́kọ́ yọ tirẹ̀ kó tó na ìyókù sí i. Ọdún kan á kọjá, ọdún márùn-ún á kọjá, káṣúà náà ni. Kò sí ìsinmi, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, bí àìsàn bá dá a dúró lọ́jọ́ kan, owó ọjọ́ náà ti lọ.

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ṣe é rí, n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan lóru. Ilé iṣẹ́ ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Kọngílá ní òun kọ́ ni òun ni ẹ̀rọ. Àwa káṣúà la dáwó tí a fi gbé e lọ sọ́sípítù.

Bẹ́ẹ̀ òfin kan wà láti 2010 tó ní kí gbogbo agbanisíṣẹ́ máa dá náírà kan sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tó ń san, kí wọ́n lè máa rí owó fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin náà dárúkọ káṣúà pàápàá! Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ yóò ṣe fi hàn pé òun tilẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Ìwé ọ̀hún gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé òfin kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìjọba ológun Gowon ṣe Òfin Iṣẹ́ ní 1974. Abala keje rẹ̀ ní kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀, irú iṣẹ́ tó jẹ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi kìlọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ pínyà. Abala kẹsàn-án ní àdéhùn iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ má wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Òfin tó dára ni. Ó kù kí ẹ gbọ́ ìyà tó wà fún agbanisíṣẹ́ tó bá tàpá sí i: owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ ju 800 náírà lọ! Bó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kó má ju 1,500 náírà.

Owó ńlá ni 800 náírà ní 1974. Ọdún yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ Udoji gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde, tí owó òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù di 720 náírà lọ́dún. Ìtanràn ẹ̀ẹ̀kan ju owó iṣẹ́ ọdún kan lọ, ó tó kí ọ̀gá bẹ̀rù. Lónìí ńkọ́? Láti July 2024, owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà. Ẹ pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹ tún pín in sí wákàtí mẹ́jọ. Ẹgbẹ̀rin náírà kò tó owó iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta. Bóyá ni yóò ra àwo àmàlà láfún kan tí ẹran méjì wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń fi dọ́là ṣírò owó ni ẹ fẹ́ fi èyí dẹ́rù bà?

Láti 1999 tí ìjọba alágbádá ti padà, ìgbà méje la ti dìbò títí dé 2023. Ìgbà méje la rán ènìyàn lọ sí Abuja. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ní May 2024, àwọn aṣòfin yìí kan náà yí orin orílẹ̀-èdè padà, kò sì gbà wọ́n ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Orin ni wọ́n rí yí. Owó ìtanràn tó ti wà láti ayé Gowon, wọn kò rí i.

Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò ṣáà gbà wọ́n. Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ ń gbani, ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbà? Ẹ̀yin àgbà mọ UAC, ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra èkùrọ́ àti kòkó nígbà náà. Ní August 1950, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ Nduka Eze da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì rí ẹ̀kúnwó gbà. Ní December ọdún kan náà wọ́n tún dà á sílẹ̀, ó fọ́ mọ́ wọn lórí, ẹgbẹ́ náà sì dàrú.

Ti ẹnu àìpẹ́ yìí ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ wa ni Dangote, àmọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà káàkiri Áfíríkà bíi ti òyìnbó. Ní September 2025, ilé ìfọpo rẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí dá òṣìṣẹ́ tó lé ní 800 dúró. Ẹgbẹ́ PENGASSAN ní torí pé wọ́n wọ ẹgbẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ ní àtúntò ni, pé àwọn kan sì ń ba iṣẹ́ jẹ́. N kò sí níbẹ̀, n kò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí gbogbo ayé rí ni pé PENGASSAN da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sáré pe ìpàdé l'Abuja, nígbà tó sì máa fi di October 1, wọ́n ti fẹnu kò pé kí wọ́n fi àwọn ènìyàn náà sí ilé iṣẹ́ Dangote mìíràn láìdín owó wọn kù. Ọjọ́ díẹ̀ péré! Àwọn wọ̀nyẹn ní orúkọ nínú ìwé, ẹgbẹ́ wọn sì di epo àti gáàsì mú. Ọmọ Ìbàràpá tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn páálí kọngílá, ta ni yóò da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí tirẹ̀?

Wọn á sọ fún yín pé bí òfin bá le, òyìnbó á sá lọ. Ẹ bi wọ́n nípa Procter and Gamble tó ṣí ilé iṣẹ́ 300 mílíọ̀nù dọ́là sí Agbára ní 2017, tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, tí wọ́n ya fọ́tò. Ní 2018 wọ́n tì í pa. Ní December 2023 wọ́n kéde pé àwọn kò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, ọ̀rọ̀ dọ́là ni wọ́n sì fi ṣe àwíjàre. Ṣé ìtanràn 800 náírà ló lé wọn? Òyìnbó tó bá máa lọ á lọ. Ohun tí ọmọ wa máa mú dání délé lọ́jọ́ náà ni àwa ń sọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń du ìjókòó ní Agodi sọ pé òun yóò yí òfin yìí, ìbáà jẹ́ ẹni tiwa. Abuja nìkan ló lágbára lórí òfin iṣẹ́. Ìjókòó méjì ni Ìbàràpá ní ọwọ́ nínú rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin: ọ̀kan ti Àárín Gbùngbùn àti Àríwá, ọ̀kan tí Ìlà-Oòrùn jọ ní pẹ̀lú Ìdó. Ohun tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ kí ẹni tí a bá rán lọ síbẹ̀ bèèrè fún ni pé kí ìtanràn di owó iṣẹ́ ọdún kan gẹ́gẹ́ bó ti wà ní 1974, lórí orí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí kò gba ìwé, kí owó náà sì bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ àti kọngílá sì jọ jẹ gbèsè rẹ̀, kí wọ́n má lè máa ti ìka gígé síra wọn mọ́.

Nígbà tí àwọn tọ̀hún bá gbé ìrẹsì wọn dé, ẹ gbà á, ẹ jẹ ẹ́, owó yín ni. Kí ẹ sì bi wọ́n níwájú gbogbo ènìyàn pé iye wo ni ìtanràn tiwọn. Ẹni tó bá sì ní ọmọ nílé iṣẹ́, kó fi fóònù pè é lónìí, kó bi í bóyá wọ́n fún un níwèé. Bí kò bá rí gbà, kó máa kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ kọngílá àti owó tó ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, kó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù yín.