Ẹtu Kì Í Ṣe Ẹran Ọbẹ̀ Lásán

Bí olùkọ́ Yorùbá bá kọ ẹtu, ẹtù àti ẹ̀tù sójú pátákó, àmì ohùn ni ó sábà máa ń jẹ ẹ́ lógún. Akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí pé ẹran ni èkíní, ẹyẹ tàbí aṣọ ni èkejì, ohun tí ọdẹ ń kì sínú ìbọn sì ni ẹ̀kẹta. Ó parí síbẹ̀. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tó.

Ẹran kékeré ni ẹtu; kì í sábà wúwo ju kílógíráàmù 10 lọ. Ìwo rẹ̀ kúkúrú, ó sì dà sẹ́yìn, èyí tó mú kí ó rọrùn fún un láti já wọ inú igbó dídí. Nísàlẹ̀ ojú rẹ̀ ni omi olóòórùn kan ti ń jáde, èyí tí ó ń fi ra ara igi láti pààlà ilẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ràn èso tó já bọ́ sílẹ̀. Níbi tó bá ti ń jẹ àpọ̀jẹ ni ó ti ń tu kóró dànù, igi tuntun sì lè hù níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹni tó yìnbọn pa abo tó lóyún ti dín igbó kù.

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde irú kan nínú ìdílé ẹtu tí wọn kò yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó ń gbé Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Orúkọ Walter Verheyen, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni wọ́n fi sọ ọ́. Orí àtẹ ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ọdẹ ti pa á, alátẹ ti tà á, ìdílé ti jẹ ẹ́, kí ìwé sáyẹ́ǹsì tó dárúkọ rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni èyí, kì í ṣe ti olùkọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe gbádùn oríkì ẹranko nínú ìjálá bí kò bá mọ ìwà ẹranko náà? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni yóò kà.

Kí olùkọ́ pe àgbà ọdẹ wá sí kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bi í léèrè, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Bí ẹtu bá tán nínú igbó, tí àgbà ọdẹ náà sì papò dà, àmì ohùn nìkan ni yóò kù lójú pátákó.