Wíwo Fídíò Ìkọ́ni Kì Í Sọ Ènìyàn Di Olóòtú Fíìmù

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́díìtì fíìmù àti fídíò: pé gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà gbà ti wà lórí YouTube, pé ẹni tó bá ti wo fídíò ìkọ́ni tó pọ̀ tó, tó sì mọ gbogbo bọ́tìnì inú sọ́fítíwíà ẹ́díìtì bíi Premiere Pro tàbí DaVinci Resolve, ti di olóòtú nìyẹn. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà rárá. Ó ń jẹ àkókò àwọn ọ̀dọ́, ó ń jẹ owó dátà wọn, ó sì ń mú kí wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n máa rò pé àwọn ti wọlé. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí olóòtú lè rí kọ́ níbẹ̀ pọ̀ jaburata. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé wọ́n ń fi mímọ irinṣẹ́ lò pe mímọ iṣẹ́.

Ohun tí olóòtú ń ṣe

Yíyàn ni iṣẹ́ olóòtú. Nínú gbogbo àwòrán tí kámẹ́rà gbà, òun ló ń pinnu èyí tí òǹwòran yóò rí, ìgbà tí yóò rí i, bí yóò ṣe pẹ́ lójú rẹ̀ tó, àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù Apocalypse Now, tó jáde ní 1979, àwòrán tí wọ́n yà lé ní wákàtí 230, bẹ́ẹ̀ fíìmù náà kò tó wákàtí mẹ́ta. Walter Murch, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú rẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí òǹwòran rí, ìṣẹ́jú 95 ni wọ́n kó dànù. Ó tún pín iye ibi tí wọ́n gé nínú fíìmù náà fún iye ọjọ́ tí olóòtú kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́: kò ju 1.47 lọ lóòjọ́. Ọwọ́ wọn kò lọ́ra. Ríronú, dídánwò, títú palẹ̀ àti títún un tò ló gba ọjọ́ wọn.

Murch yìí kan náà ló to ohun mẹ́fà tó yẹ kí olóòtú fi díwọ̀n ibi tó fẹ́ gé sínú ìwé rẹ̀, In the Blink of an Eye. Ó fún bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára òǹwòran ní ìdá 51 nínú 100, ó fún ìtàn ní 23, ó sì fún bí fíìmù ṣe ń sáré tàbí tó ń rìn jẹ́jẹ́ ní 10. Àwọn mẹ́ta yòókù, tó jẹ mọ́ ibi tí ojú òǹwòran ń wò àti ibi tí òṣèré dúró sí, ló pín 16 tó kù. Kò sí sọ́fítíwíà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ìdí tí kò fi sí níbẹ̀ ti hàn tipẹ́tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Lev Kuleshov, ará Rọ́ṣíà, mú àwòrán ojú òṣèré kan, Ivan Mosjoukine, ojú tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì fajú ro. Ó lẹ ojú kan náà mọ́ àwòrán àwo ọbẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán òkú nínú pósí, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán obìnrin. Àwọn òǹwòran rí ebi lójú òṣèré náà lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n rí ìbànújẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì rí ìfẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ojú òṣèré kò yí padà. Ohun tí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló yí padà. Ẹni tí kò bá lóye èyí, bó ti wù kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lágbára tó, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí agbára fídíò ìkọ́ni mọ

Àpẹẹrẹ kékeré kan tó láti fi hàn. Ìyá kan jókòó níwájú ọmọ rẹ̀, ó bi í pé, “Ṣé ìwọ lo mú owó orí tábìlì?” Ọmọ fèsì pé, “Èmi kọ́ o, Màámi.” Kámẹ́rà ti ya ojú àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí olóòtú bá fi ojú ìyá sílẹ̀ títí ìbéèrè fi parí, kó tó lọ sójú ọmọ, èsì náà yóò dún bí èsì lásán. Òǹwòran lè gbà á gbọ́. Bó bá kúrò lójú ìyá látorí “Ṣé ìwọ”, tí ohùn ìyá ń bá a lọ nígbà tó jẹ́ pé ọmọ là ń wò, òǹwòran yóò rí i tí ọmọ ń gbé itọ́ mì kí ọ̀rọ̀ owó tó jáde rárá. Ó ti mọ olè kí olè tó lanu. Bó bá sì dúró lójú ìyá látòkèdélẹ̀, tó jẹ́ pé ohùn ọmọ nìkan là ń gbọ́, ìtàn ti di ti ìyá: ṣé yóò gbà á gbọ́, àbí yóò díbọ́n pé òun gbà á? Ọ̀rọ̀ kan náà ni, òṣèré kan náà ni, ìtàn mẹ́ta ló jáde.

Fídíò ìkọ́ni lè fi bí a ṣe ń jẹ́ kí ohùn ẹnì kan máa lọ lábẹ́ àwòrán ẹlòmíràn han akẹ́kọ̀ọ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan láti ṣe é. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ? Kò sí fídíò ìkọ́ni tó lè sọ ìyẹn, torí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú nínú ìtàn àti ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa pinnu rẹ̀. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo ni fídíò ìkọ́ni ń dáhùn. Àwọn ìbéèrè tó ń sọ olóòtú di olóòtú kò ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí tí àwọn tó gbà á gbọ́ ń mú wá

Wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí fíìmù Everything Everywhere All at Once, tó jáde ní 2022. Òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn péréte ló ṣe púpọ̀ nínú àrà tí kọ̀ǹpútà fi kún àwòrán fíìmù yẹn, òótọ́ sì ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni fídíò ìkọ́ni yẹ fún: bí a ṣe ń yọ okùn tí wọ́n fi gbé òṣèré sókè kúrò nínú àwòrán ní ọ̀nà tí a lè fi hàn, tí a sì lè tẹ̀ lé. Èyí tó tún tẹ̀wọ̀n jù ni pé wọ́n ti ń ṣe fídíò orin àti fíìmù kéékèèké kí fíìmù yẹn tó dé. Ìwò wọn kò pọ̀ ju ìṣe wọn lọ.

Àwọn mìíràn ní sọ́fítíwíà tuntun ni àṣírí iṣẹ́. Fíìmù Parasite ti Bong Joon-ho já èyí nírọ́. Final Cut Pro 7 ni Yang Jinmo fi ṣe ẹ́díìtì rẹ̀, sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ Apple ti pa tì láti 2011. Fíìmù náà jáde ní 2019, ó gba Oscar fíìmù tó dára jù lọ ní 2020, wọ́n sì yan ẹ́díìtì rẹ̀ mọ́ àwọn tó du Oscar.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọn kì í fún ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ní fìrídọ́ọ̀mù torí pé ó ti wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ pẹ́. Aṣọ tó gé, tó rán, tó sì bá ẹni tó ni ín lára mu ni wọ́n ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ́díìtì: iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni a ó wò. Ohun mẹ́ta ló nílò fún un, méjì àkọ́kọ́ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá wá a.

Èkíní ni àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé. Ilé-iṣẹ́ Blackmagic Design ti Ọsirélíà ń fúnni ní DaVinci Resolve lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé ìkọ́ni rẹ̀ àti àwòrán ìdánrawò tó bá a rìn sì wà lórí ìkànnì wọn láìgba kọ́bọ̀. EditStock ń ta ìran tí wọ́n ti yà sílẹ̀ fún ìdánrawò. Àwọn fíìmù àtijọ́ tí kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí wọn mọ́ wà nínú Internet Archive, a sì lè tú wọn palẹ̀ kí a tún wọn tò. Ẹni tí dátà ń wọ́n lówó ni èyí ṣe lóore jù: ìran kan tó wọ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lè di iṣẹ́ oṣù kan, nígbà tó jẹ́ pé fídíò ìkọ́ni ń jẹ dátà ní gbogbo ìgbà tí a bá tún wò ó.

Èkejì ni àlàyé ìdí tí wọ́n fi gé síbi tí wọ́n gé sí. Iṣẹ́ tí Tony Zhou àti Taylor Ramos gbé sórí YouTube láàrin 2014 sí 2016, Every Frame a Painting, jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Bọ́tìnì kọ́ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Fíìmù gidi ni wọ́n ń tú wò.

Ẹ̀kẹta ni ojú ẹlòmíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìran kan lọ́nà mẹ́ta, kó gbé e fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà, kó dákẹ́, kó má ṣàlàyé. Kó wo ibi tí onítọ̀hún ti yọ fóònù jáde. Kó bi í ta ló jẹ̀bi nínú ìtàn náà. Bí ìdáhùn kò bá bá èrò rẹ̀ mu, kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju èyí lọ: ṣé ó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí yóò gé, ṣé ó mú kó yàn, ṣé ó sì mú kí ẹlòmíràn wo ohun tó yàn? Èyí tí kò bá ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kọ́ni ní bọ́tìnì. Bọ́tìnì dára láti mọ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì tó láti mọ̀ ọ́n. Ọdún tó kù, orí yíyàn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lò ó lé.